Ohun Tí Gbádégẹṣin Ò Rí Nínú Dígí

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọ́ káráfáànì náà dé, Gbádégẹṣin dúró lójú fèrèsé òkè, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú ẹran tí aládùúgbò wọ́ wá síwájú ilé ẹni. Ilé onítáyà ni, ó funfun báláú, ó ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀ débi pé àwọn tó ń gba àdúgbò náà lọ sí Rye Lane ń fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó tà á ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ fà á wá. Ó tú u sílẹ̀ lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù Simeon, ó bọ Simeon lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ kíákíá. Lójú Gbádégẹṣin, ẹni náà ń sá lọ kí wọ́n tó pè é padà ni.

Simeon ni ọkọ Kánsọ́lá, Kánsọ́lá sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Gbádégẹṣin bí. Nígbà tí ìyá Kánsọ́lá kú, tọkọtaya náà kó wá sí ilé bàbá ní Peckham kí ó má baà dá wà. Gbádégẹṣin kì í fẹ́ rántí ìdí tí wọ́n fi wá. Ohun tó máa ń rántí ni pé ọkùnrin kan wà tó ń gbé ilé àna rẹ̀.

Kò sì sí ohun tí Simeon ṣe rí tó wù ú. London ni wọ́n bí i sí, ọ́fíìsì káńsù ló ti ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní sùúrù lára rẹ̀, ojo ni Gbádégẹṣin ń pè é. Kí Simeon tó ra bàtà, á ti wádìí lẹ́nu gbogbo ẹni tó wọ irú rẹ̀ rí. Kí ó tó din ẹyin, á kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ náà ò ràn án lọ́wọ́, nítorí ibi tí ó yẹ kí ohùn lọ sílẹ̀ ni tirẹ̀ máa ń dúró, ibi tí ó yẹ kí ó dúró ni tirẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú pikọ́ọ̀pù náà wálé, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ tán, ó ní, “Daddy, ẹ wá wo ọkọ mi tuntun.” Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn, ọkọ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbádégẹṣin ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ti lọ́kọ, ó sì kọjú padà sí tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ káráfáànì kò ṣòro láti yé èèyàn. Lọ́dún tó kọjá, Kánsọ́lá ṣe iṣẹ́ abẹ, ara rẹ̀ ò sì tètè bọ̀ sípò. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti ń sọ pé bí ara òun bá yá, ohun tó wu òun ni kí òun jí lówùúrọ̀ sí etí òkun, lórí bẹ́ẹ̀dì òun fúnra òun, kí òun máa gbọ́ ìró omi kí òun tó la ojú. Simeon gbọ́, kò sì gbàgbé. Gbádégẹṣin náà gbọ́. Ó gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí ó rí káráfáànì náà, ohun tó wá sí i lẹ́nu ni yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn òyìnbó ni wọ́n máa ń fi ilé tó gbóná sílẹ̀, tí wọ́n á lọ máa gbọ̀n nínú páálí lórí koríko, tí wọ́n á sì pe ìyẹn ní ìsinmi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Ìlá, bí o bá rí ẹni tó sun inú ọkọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ sọ́nà. Kánsọ́lá ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó ń rẹ́ ẹ lọ.

Àwọn aládùúgbò ti ń kùn nípa ohun ńlá tó dí wọn lójú ọ̀nà, Simeon sì ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jabez sọ ọ́, ẹni tó ní àgbàlá tó fẹ̀ ní Sydenham. Ibẹ̀ ni káráfáànì yóò máa wà títí wọn yóò fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n wọ́ ọ débẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Simeon ti tibi iṣẹ́ dé, ó so káráfáànì mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù, ó sì jókòó síbi sitiárìn. Ó ní kí Kánsọ́lá lọ dúró sí ìrù káráfáànì, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo dígí. Ó ní kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún wo dígí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀, ó fa téèpù ìwọ̀n yọ, ó wọn fífẹ̀ pikọ́ọ̀pù, ó wọn ti káráfáànì. Gbádégẹṣin ń wo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé télọ̀ ni ọmọ yìí ì bá ṣe.

Simeon wọlé, ó ní dígí pikọ́ọ̀pù náà ò tó.

“Dígí wo ni kò tó?” ni Gbádégẹṣin wí. “Àbí àwọn tó ṣe mọ́tò ò lójú ni?”

Simeon fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé àwọn tó ṣe é, ìwọ̀n pikọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n fi ṣe dígí rẹ̀. Káráfáànì yọ síta jù ú lọ lọ́tùn-ún lósì, ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ò ní í rí i. Kánsọ́lá dúró níbẹ̀ gedegbe, òun ò rí ju ògiri funfun lọ. Dígí kan wà tí wọ́n máa ń fi okùn so mọ́ ti ọkọ̀, apá rẹ̀ gùn síta dáadáa. Ó fi àwòrán rẹ̀ han àna rẹ̀ lórí fóònù. Gbádégẹṣin bi í pé kámẹ́rà tó wà nídìí ọkọ̀ ńkọ́, èyí tó fi ń yangàn nígbà tó rà á. Simeon ní bí wọ́n bá ti so káráfáànì mọ́ ọn, ikùn káráfáànì nìkan ni kámẹ́rà ń rí.

Gbádégẹṣin wo àwòrán náà dáadáa, ó dá fóònù padà fún un.

“Etí ehoro nìyí,” ni ó wí. “Bí o bá máa gbé etí ehoro gba àárín Peckham kọjá, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni àna rẹ.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara rẹ̀. Táksí ló wà ní South London títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ láti Lewisham dé Croydon, orí ọkọ̀ rẹ̀ ò kan igi rí, ìdí rẹ̀ ò sì kan ògiri. Ó ní ẹni tó bá ń wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, iwájú ni yóò ti forí gbá. Simeon dúró títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó ní, “Ẹ ṣé, Daddy.” Ó wá yíjú sí Kánsọ́lá, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ ra dígí náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sydenham, kí àwọn tó gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

“Ẹ ṣé” yẹn dun Gbádégẹṣin ju èébú lọ. Bí ọmọkùnrin náà bá bá a jiyàn ni, ì bá mọ bí yóò ṣe fọ́ ọ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, Simeon ti jáde tó bíi wákàtí kan nígbà tí Gbádégẹṣin wọ kóòtù rẹ̀, tó mú kọ́kọ́rọ́ pikọ́ọ̀pù níbi tí wọ́n ń fi í kọ́. Kánsọ́lá yọjú láti kíṣìnnì, ó bi í pé níbo. Ó ní Sydenham. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ tó ná etí ehoro tán, káráfáànì yóò ti máa sinmi nínú àgbàlá Jabez. Kánsọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù, ó tẹ̀lé e dé ìta, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nígbà tí Kánsọ́lá rí i pé ẹ̀bẹ̀ ò wọlé, òun náà gun ọkọ̀ pẹ̀lú sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ó mọ bàbá rẹ̀: bí wọ́n bá jẹ́ kí ó dá lọ, bí ó ti wù ú ni yóò ṣe sọ ìtàn náà bó bá dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Gbádégẹṣin yọ káráfáànì kúrò ládùúgbò láìfara kan ọkọ̀ kankan, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá Peckham Rye, ó sì kọrí sí ọ̀nà Nunhead. Ó ń sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ láyé ìsinsìnyí, ìbẹ̀rù tó wọ kóòtù ni. Ó ní bí ọkùnrin bá ti ń fi téèpù wọn ohun tí ojú lè wọ̀n, kò sí ohun tí kò ní í bẹ̀rù láyé, títí kan òjìji ara rẹ̀.

“Daddy, ṣé ẹ ń rí ẹ̀yìn?” ni Kánsọ́lá bi í.

“Mo ń rí i.”

Kò rí i. Ó ti wo dígí ọwọ́ ọ̀tún, ògiri funfun ló wà níbẹ̀. Ó ti wo ti òsì, ògiri funfun kan náà, àti ojú ọ̀run tẹ́ẹ́rẹ́ lókè rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí fèrèsé, tó rí i pé wọ́n ti kọ́ ilé dí i. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú ọ̀nà lòun ń wà, kì í ṣe ojú dígí.

Ní Nunhead, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tò sí, iná pupa dá wọn dúró. Ó fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì níbẹ̀. Iná yí padà, ó yí sitiárìn, pikọ́ọ̀pù yà, káráfáànì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ìdí káráfáànì kì í gba ibi tí orí ọkọ̀ gbà; ó gé kọ̀rọ̀ náà kúrú. Wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ju àga sílẹ̀. Gbádégẹṣin rò pé táyà ló gun etí títì, ó fẹ́ máa lọ.

“Ẹ dúró! Daddy, ẹ dúró!”

Obìnrin kan ni. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káráfáànì nígbà tí iná pupa wà, ògiri funfun náà sì tì í lu irin ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí Gbádégẹṣin sọ̀ kalẹ̀, ó bá a níbi tó jókòó sí lórí ilẹ̀, akoto lórí híjáàbù rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan gbé ọwọ́ kejì bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Bó ti ń rìn lọ bá a ni ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò mọ ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà jáde lára ọkùnrin yìí. Ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “Kí ni àgbà obìnrin ń wá lórí kẹ̀kẹ́ bí ọmọ tó ń sá fún sùkúù?”

Obìnrin náà gbójú sókè.

“Ilé mi ni mò ń lọ, Bàbá,” ni ó wí, ní Yorùbá tó já gaara. “Ẹ ò rí mi ni?”

Gbádégẹṣin yíjú kúrò lára rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ káráfáànì.

Àwọn èèyàn ti péjọ, ẹnì kan ti pe ọlọ́pàá àti ọkọ̀ ọsibítù. Ọ̀nà dí. Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti ìhà Sydenham dúró síwájú wọn, kò lè kọjá, awakọ̀ rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Simeon wà lára àwọn tó bọ́ sílẹ̀. Ó gbé páálí dígí mọ́yà, ó rí káráfáànì rẹ̀ tó dábùú ojú ọ̀nà. Ó sáré bá ìyàwó rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí i pé nǹkan kan ò ṣe é. Kò wo àna rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti obìnrin náà, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi gbé ọwọ́ náà fún un.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mummy,” ni ó wí. “Ṣé ọwọ́ yẹn ń dùn yín?”

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń béèrè ìrora nìyẹn; bí wọ́n ṣe ń béèrè ọbẹ̀ ni. Ojú ti Gbádégẹṣin nítorí ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà wo Simeon, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìrora. “Ó ń dùn, ọmọ mi,” ni ó wí, “ó ń dùn bí oyin.” Ó sì fi ọwọ́ tó dáa di apá Simeon mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé. Mùínàt lorúkọ rẹ̀, Nunhead níbẹ̀ náà ló ń gbé.

Ọlọ́pàá tó wá jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Ó bi Gbádégẹṣin bóyá ó wo dígí kí ó tó yà. Ó ní òun wò ó. Ó bi í pé kí ló rí. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé láti ẹ̀yìn ni obìnrin yẹn ti já lu òun, pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ London, wọn kì í fara balẹ̀.

“Daddy,” ni Kánsọ́lá wí.

Ó yíjú sí i, ó ṣe tán láti bá a wí pé kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ó bá rí ojú rẹ̀. Ìbínú kọ́ ló wà níbẹ̀, ìbínú ì bá sàn. Ó sọ ìpéǹpéjú kalẹ̀ díẹ̀, ó fa ètè ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni ń wo ohun tí bàtà fẹ́ tẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbádégẹṣin mọ ojú yẹn. Òun ló ni ín. Ojú tó fi ń wo Simeon nìyẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ọmọ rẹ̀ sì ti jókòó tì wọ́n nídìí tábìlì ní gbogbo ìgbà tí ó ń wò ó bẹ́ẹ̀, ó kọ́ ọ. Kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn. Ó kéré lójú ara rẹ̀ débi pé kóòtù tó wọ̀ dà bí ti ẹlòmíràn.

“Kí lẹ rí nínú dígí yẹn?” ni Kánsọ́lá bi í.

Ọlọ́pàá náà ò gbọ́ Yorùbá, ó ń wò wọ́n. Gbádégẹṣin tún wo dígí náà. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí ọlọ́pàá, ó sọ ọ́ ní èdè tó yé e. Ó ní káráfáànì nìkan lòun rí, òun ò rí nǹkan mìíràn. Ó ní láti ilé ni òun ò ti rí nǹkan mìíràn, wọ́n sì ti sọ fún òun kí òun tó jáde.

Ọlọ́pàá béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà, Gbádégẹṣin sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti wó lé òun lórí. Simeon ló dáhùn. Ó ní ó wà níbẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ra pikọ́ọ̀pù lòun ti fi orúkọ bàbá sí i, nítorí òun mọ̀ pé bí àwọn bá ń lọ sí etí òkun, bàbá á fẹ́ wà á díẹ̀. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ àdírẹ́sì ilé. Gbádégẹṣin tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé òun wà lára àwọn tó ń lọ sí etí òkun. Kò sì tíì béèrè.

Nígbà tí ọlọ́pàá ní wọ́n lè máa lọ, Simeon ṣí páálí, ó so dígí méjèèjì mọ́ ọkọ̀ níbẹ̀, ó wa káráfáànì lọ sí Sydenham, Kánsọ́lá jókòó tì í. Wọn ò sọ pé kí Gbádégẹṣin má tẹ̀lé wọn. Òun ló wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Wọ́n pè é sí kóòtù lẹ́yìn náà, ó jẹ́bi, wọ́n fi àmì ẹ̀bi sórí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò di sitiárìn mú mọ́. Ó gbìyànjú láti bá Simeon sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Simeon, ọ̀rọ̀ dígí yẹn,” ó wá ń ti ife rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí tábìlì. Simeon ní ó ti tán. Gbádégẹṣin bínú kúrò níbẹ̀, nítorí èébú ló ń retí, ì bá sì mọ ibi tí yóò gbé èébú sí. Ṣùgbọ́n bí Simeon bá ṣi ohùn gbé nínú ọ̀rọ̀, kò dá a lóhùn mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Á máa jẹun rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìrìn àjò wọn pé, Simeon sì lọ wọ́ káráfáànì wá láti Sydenham. Simeon ní kí bàbá jẹ́ káwọn jọ lọ, Gbádégẹṣin ní òun ní ibi tí òun ń lọ. Kí wọ́n tó gbéra, Simeon jókòó síwájú, ó yọrí, ó ní kí Daddy jọ̀wọ́ bá òun dúró sí ìrù káráfáànì. Gbádégẹṣin lọ dúró. Dígí gígùn náà ń mì díẹ̀ díẹ̀ bí Simeon ti ń yí i. Ó rẹwà bí etí ehoro ṣe rẹwà. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ní kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bọ́ síbẹ̀, ó tún dúró, àwọn èèyàn tó ń lọ sí Rye Lane ń fẹ̀gbẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá.

Ibi tó ń lọ ni Nunhead. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi di ọwọ́ Mùínàt ní ọsibítù ṣì wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Manchester. Gbádégẹṣin ló ń bá a kó ìdọ̀tí síta, òun ló ń bá a gbálẹ̀. Tíì tí obìnrin náà ń fún un dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife, kọ́tìnì ilé rẹ̀ kò bá àga mu. Ó ń rí gbogbo rẹ̀, kò sọ ọ́.

Mùínàt jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà, ó ń wò ó bó ti ń gbálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń gbálẹ̀ nílé yín nìyẹn? Ẹ wo abẹ́ tábìlì.”

Ẹnu ń yún Gbádégẹṣin. Ó bẹ̀rẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ ké, ó sì na ìgbálẹ̀ sí abẹ́ tábìlì.

“Ẹ dé igun yẹn,” ni Mùínàt wí. “Àlejò mi láti mọ́sálásí ò ní í pẹ́ dé.”